Páìpù afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn píkáàpù mi ń jò: ṣé kí n fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀?

Awakọ̀ Gààrí (Odògbolú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Píkáàpù tòkunbọ̀ kan ni mo ní, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, òun ni mo sì fi ń kó gààrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, gba Òru àti Ìjẹ̀bú-Òde, lọ sí Ṣágámù ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó bá ọkọ̀ náà wá, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ rọ́pò wọn. Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí, ṣọ́ọ̀kì gidi ni, ó ní òróró nínú bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n rọ́bà kan wé mọ́ ọn lára tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bí ìgbà tí fọkanáísà ń fẹ́ táyà, kí ìdí ọkọ̀ lè gbéra nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ló jáde lára ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Wọ́n pàdé ní ojú tíì kan (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) lókè áásù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, láti ibẹ̀ ni páìpù kan ṣoṣo ti lọ sí ẹnu fáàfù, irú èyí tó wà lára táyà gan-an, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn.

Páìpù yìí ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ ẹ dé 80 PSI (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) ní ìrọ̀lẹ́, tí mo sì kó àpò gààrí méjìlá lé e, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí 50 kílò, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí ọkọ̀ á ti wọlẹ̀, géèjì á sì ti já wá sí 30. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Níbi tí páìpù náà ti kọjá lẹ́bàá sàláńsà, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ṣẹ́ bí ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì, mo rí ojú eyín, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé eku ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi kẹta: ẹnìkan ti gé páìpù náà rí, ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ní ọsibítù so ó, ó sì fi wáyà dè é.

Mẹkáníìkì mi ní kí n tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi páìpù bàbà tó nípọn rọ́pò rẹ̀, pé bí páìpù bá ṣe tóbi tó ni ọkọ̀ á ṣe lè gbé ẹrù tó. Ẹlòmíràn ní páìpù bíréèkì tírélà, ìyẹn 1/4 íńṣì, ni kí n fi rọ́pò 1/8 íńṣì tó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kí n tó náwó. Ṣé páìpù tó tóbi ń mú kí ọkọ̀ gbé ẹrù sí i lóòótọ́? Ṣé bàbà dára níbẹ̀? Ṣé kí n sì fi tíì náà sílẹ̀ níbi tó wà?


Oníbíréèkì Afẹ́fẹ́ (Ṣágámù)

Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá awakọ̀. Bíréèkì tírélà ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe píkáàpù, ṣùgbọ́n irú páìpù tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀ yìí ni mo ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Páìpù kọ́ ló ń gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rọ́bà ṣọ́ọ̀kì ló ń tì í sókè, 80 PSI tó bá sì gba ihò kékeré wọlé kò yàtọ̀ sí 80 PSI tó gba ihò ńlá wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí páìpù ńlá fi ju kékeré lọ ní ti afẹ́fẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ á tètè wọlé, á sì tètè jáde. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀, tó fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ dìde kí ojú tó ṣẹ́, ìyẹn lè wúlò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kó ẹrù, kí ni ìyára náà fẹ́ fi ṣe fún yín?

Síbẹ̀, mo fara mọ́ ẹni tó ní kí ẹ lo 1/4 íńṣì, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ara páìpù 1/8 íńṣì kò nípọn, ó tètè ń ká, òkúta kékeré lè là á, ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì rọrùn láti rí rà lọ́dọ̀ wa. Ara 1/4 íńṣì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsopọ̀ alátẹ̀wọlé rẹ̀, èyí tí ẹ kàn máa ti páìpù bọ̀ tí yóò sì di í mú fúnra rẹ̀, wà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ohun èlò tírélà. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é (kì í ṣe náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di àkàrà o). Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tó jẹ́ ojúlówó á ní SAE J844 àti DOT lára, ìyẹn àmì ìlànà Amẹ́ríkà fún páìpù bíréèkì afẹ́fẹ́, wọ́n sì ṣe é kí ó lè fara da ooru tó 93 °C. Dúdú ni kí ẹ rà, nítorí oòrùn tètè máa ń ba èyí tó mọ́ gaara jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí dáadáa. Àwọn tírélà tó ti Yúróòpù àti Ṣáínà wá ń lo páìpù 6 mílímítà. Àwọn Mack, tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ló ń lo oníńṣì. 1/4 íńṣì jẹ́ 6.35 mílímítà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn yín. Bí ẹ bá ti páìpù 6 mílímítà bọ ìsopọ̀ 1/4 íńṣì, ó máa wọlé, ó máa dúró, ẹ ó tiẹ̀ fà á, kò ní jáde, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fò yọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ dé 90 PSI. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò Mack ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ra páìpù àti ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀ níbì kan náà.

Ní ti bàbà, mi ò gbà yín níyànjú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ń mì láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù. Bàbà tí ó bá ń mì bẹ́ẹ̀ á máa le sí i, bí ó bá sì ti le tán, á sán lójú ibi tí wọ́n ti fẹ ẹnu rẹ̀ sí nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá ti rí i kí ẹnìkan máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi kán, ohun tó ń ṣe bàbà náà nìyẹn.

Bí ẹ ó bá gé páìpù, abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e, kí ojú rẹ̀ sì gún régé. Ẹ má fi ẹnu píláyà já a, nítorí píláyà á fún un pọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní jẹ́ òbírí mọ́, oríǹgì (rọ́bà òbírí kékeré) tó wà nínú ìsopọ̀ kò sì lè dí ohun tí kì í ṣe òbírí. Ẹ wo ara páìpù náà ní ìwọ̀n íńṣì kan sí ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá rí ìlà tí nǹkan fi hà á, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó yẹ kí ó wọlé dé, nítorí ìsopọ̀ alátẹ̀wọlé ń tan ènìyàn jẹ. Á dúró lẹ́ẹ̀kan bíi pé ó ti débi tó ń lọ, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú oríǹgì, ó ku títì kan sí i.


Ìyá Olóbì (Ìkẹ́nnẹ́)

Awakọ̀, ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, àmọ́ mo ti fi owó kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí. Obì ni mo ń kó, gbàǹja àti àbàtà, láti oko wá sí Ṣágámù fún àwọn tó ń rà á lọ sí Òkè Ọya. Ọkọ̀ mi náà jẹ́ píkáàpù, ó sì ní ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ méjì lẹ́yìn pẹ̀lú tíì láàárín bíi ti tìrẹ.

Agbọ̀n obì kì í wúwo tó gààrí, ṣùgbọ́n a máa ń tò ó ga. Nígbà tí ọmọ mi bá yí ọkọ̀ ní oríta, ọkọ̀ náà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó, kò sì ní tètè padà. A pààrọ̀ táyà, kò dáwọ́ dúró. A di ẹrù ní àdìtúndì, kò dáwọ́ dúró. Àgbàlagbà mẹkáníìkì kan ní Ìpẹ̀rù ló wò ó, tó ní tíì yẹn ni. Ó ní bí ọkọ̀ bá fẹ̀ sí apá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún á fún pọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gba ojú tíì sá lọ sínú ti òsì, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó le nígbà náà ni ó ń rọ̀, tí èyí tó yẹ kó rọ̀ sì ń le. Ó yọ tíì náà, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ àti fáàfù tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi ṣì ń fẹ̀ díẹ̀ bí gbogbo ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bà mí mọ́.

Ní ti eku, níbo lò ń gbé ọkọ̀ náà sí lálẹ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí o ń kó gààrí sí ni, a jẹ́ pé ìwọ lo ń pè wọ́n. Ìyẹ̀fun tó ń já bọ́ láti inú àpò ló ń fà wọ́n wá, bí wọ́n bá sì jẹ gààrí Ìjẹ̀bú tán, ohunkóhun tó bá wà nítòsí ni wọ́n fi ń pọ́n eyín. Gbá abẹ́ rẹ̀, fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́yìn tí o bá já ẹrù, kí o sì ki páìpù náà bọ inú rọ́bà onígbèéré tí àwọn tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ fi ń bo wáyà. Tèmi kò tíì gba eyín láti ìgbà náà.


Olùkọ́ Físíìsì (Ìlíṣàn)

Mo kí gbogbo yín, mo sì júbà Màmá Olóbì, nítorí ohun tí mẹkáníìkì wọn sọ yẹn ni mo máa ń fi páálí mímu ọsàn méjì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tí kò tíì wá sójú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀gá awakọ̀ bá fi 1/4 íńṣì rọ́pò 1/8 íńṣì, tó sì fi tíì sílẹ̀, ọkọ̀ náà á máa fẹ̀gbẹ́ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí ni pé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí ń dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀. Kí ó tó ráyè kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ọkọ̀ lè ti yí tán. Bí ihò páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí afẹ́fẹ́ sì ń ṣàn jẹ́jẹ́, èyí tó lè gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú kan náà á tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó fẹ́ tún páìpù rẹ̀ ṣe wá di ẹni tó ba ìdúró ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lo páìpù ńlá, ẹ gbọ́dọ̀ ya ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀.

Mi ò sọ pé tíì kò ní àǹfààní kankan. Ó ń mú kí ọ̀tún àti òsì ní PSI kan náà nígbà gbogbo, tí ìdí ọkọ̀ kò fi ní ga ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Bí ẹ bá ti yà wọ́n, ọwọ́ yín àti géèjì yín ló ku tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣe ọ̀lẹ nípa rẹ̀.

Géèjì náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó ń parọ́ fún àwọn tí kò mọ ìwà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì kéré gan-an sí ti inú táyà. Ìwọ̀nba tó ń tú jáde nígbà tí ẹ bá ń fi géèjì sẹ́nu fáàfù kò já mọ́ nǹkan kan lára táyà, ṣùgbọ́n lára ṣọ́ọ̀kì ó lè tó PSI mélòó kan. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ ti tú u fúnra rẹ̀, á sì máa pariwo pé páìpù ń jò. Bákan náà ni ooru àti òtútù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ ẹ dé 60 PSI ní ọ̀sán tí ooru tó 35 °C. Afẹ́fẹ́ ayé fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 14.7 PSI, nítorí náà gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì jẹ́ 74.7. Bí ọyẹ́ bá mú ilẹ̀ tutù dé 20 °C ní òwúrọ̀, ó máa já sí nǹkan bí 71, ìyẹn ni pé géèjì á ka 56, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kankan kò jáde. Wákàtí kan náà lójúmọ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n láti 80 sí 30 láàárín òru kan, ìyẹn kì í ṣe òtútù. Ó ń jò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ku tí mi ò fẹ́ fò dá, bí kò tilẹ̀ dùn. Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè ni, kò fi nǹkan kan kún ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ibi tí wọ́n de orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ lára ṣáásí, torí kí ó lè dá ìmì ọkọ̀ dúró ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe torí kí ó lè ru àpò gààrí. Sípíríìnì ló ń ru ẹrù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òpó rẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tó sọ àpapọ̀ ìwúwo ènìyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà gbọdọ̀ gbé. Ẹ bá wa kà á.


Awakọ̀ Gààrí (Odògbolú)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kà á, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn lóòótọ́: 1,150 pọ́ún ló wà níbẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí 521 kílò, èmi àti ọmọ tó ń bá mi já ẹrù sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá yọ àwa méjèèjì kúrò, tí a jọ tó nǹkan bí 150 kílò, ó ku 371. Àpò méje péré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni méjìlá ni mo ti ń kó láti bí ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n má baà sunkún.

Mo ti lọ ra páìpù náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò Mack, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n kà sì wà lára rẹ̀. Mo ra ìsopọ̀ alátẹ̀wọlé àti fáàfù méjì pẹ̀lú. Ibi tí mo dúró sí nìyí: ihò tó wà lára ṣọ́ọ̀kì kò gba nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Páìpù 1/8 íńṣì nìkan ló wọ ibẹ̀, nọ́ọ̀tì kékeré kan àti oríǹgì kan ló sì dè é. Mẹkáníìkì mi ní òun máa fi dírìlì fẹ ihò náà. Èkejì ni pé ọ̀kan nínú fáàfù tí mo rà kò yí wọ inú ìsopọ̀ rẹ̀ tán, lẹ́yìn nǹkan bí ìyí mẹ́ta ó há. Òun ní kí n wé téépù funfun mọ́ ọn, kí n fi agbára yí i.


Oníbíréèkì Afẹ́fẹ́ (Ṣágámù)

Ẹ gba dírìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá awakọ̀. Bí irin tó fọ́ bá wọ inú rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì náà ti parí nìyẹn.

Ẹ fi ẹnu ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wá páìpù 1/8 íńṣì tuntun, ìwọ̀nba tó lè ti ẹnu ṣọ́ọ̀kì dé ara ṣáásí, àti oríǹgì tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí i nítòsí, ẹ ó rí i ní Ládípọ̀, ní Múṣin. Lára ṣáásí ni kí ẹ ti so ó mọ́ 1/4 íńṣì pẹ̀lú ìsopọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kan kéré tí èkejì sì tóbi. Ẹ de ìsopọ̀ náà mọ́ ṣáásí gírígírí kí ó má máa jó. Ìdí tí mo fi ní kí páìpù kékeré náà má gùn jù ni pé òun ni aláìlera inú ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ má fà á le. Nígbà tí áásù bá lọ sílẹ̀ nínú kòtò, páìpù tí kò ní àyè á já ní ẹnu nọ́ọ̀tì. Ẹ fi jáàkì gbé ṣáásí sókè kí táyà ẹ̀yìn rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó díwọ̀n gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá díwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ á padà wá gé òmíràn.

Fáàfù tó há kò fẹ́ agbára. Ìyí ara rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí i ká, ni kò bá ti ìsopọ̀ náà mu. Ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ 1/8 ní ìyí 27 nínú íńṣì kan, ti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ 1/8 ní 28. Àwọn méjèèjì jọra débi pé wọ́n á gba ara wọn fún ìyí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èkejì. Ẹ dá a padà, kí ẹ gba èyí tó bá a mu. Téépù funfun dára lára ìyí tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí òkè, ẹ wé e ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, kí ẹ fi ìyí àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìwé kí ègé rẹ̀ má baà wọ ẹnu fáàfù. Ẹ má wé e mọ́ nọ́ọ̀tì kékeré ti ẹnu ṣọ́ọ̀kì rárá, nítorí oríǹgì ló ń dí ibẹ̀, téépù kò ní jẹ́ kí ó jókòó dáadáa.

Ẹ gbé páìpù náà jìnnà sí sàláńsà ní íńṣì mẹ́fà ó kéré tán. Bí ọ̀nà kò bá sí, ẹ gbà á gba òdìkejì ṣáásí, kí irin wà láàárín wọn. Ibi tó bá ti gba inú ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà yí etí ihò náà ká. Bí ẹ bá parí, ẹ pò ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á sí gbogbo ojú ìsopọ̀ nígbà tí ó wà ní 80 PSI, kí ẹ sì fi sùúrù wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìjò kékeré kì í sáré, ìfófò tó tó orí abẹ́rẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.


Ìyá Olóbì (Ìkẹ́nnẹ́)

Má sì jẹ́ kí fọkanáísà bá ọ fẹ́ ẹ o. Ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára jù fún nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, kí o tó sọ pé ó tó, géèjì ti kọjá 100. Omi sì wà nínú táńkì ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tí wọn kì í tú dànù. Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ni ọmọ mi ń lò, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ṣófo, má tú u tán. Ìwé tó bá ṣọ́ọ̀kì tèmi wá ní kí 20 PSI máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí bí kò bá sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, rọ́bà náà á ká lé ara rẹ̀, á sì máa ha ara rẹ̀ títí yóò fi lu.


Awakọ̀ Gààrí (Odògbolú)

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ ti parí láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀tún ní fáàfù tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀, wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nọ́ńbà ẹ̀yìn. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo gbàgbé láti fi bírò sàmì sí páìpù kan, òun gan-an sì ni ọṣẹ hó lé lórí. Mo fà á jáde, mo gé e, mo tì í bọ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ìjò náà sì dá. Ọ̀nà tí mo gbà yẹra fún sàláńsà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ méjì, ó gba òdìkejì ṣáásí bí ẹ ṣe wí, mo sì ki gbogbo rẹ̀ bọ inú rọ́bà onígbèéré.

Mo fẹ́ àwọn méjèèjì dé 60 PSI ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òsì ka 58, ọ̀tún ka 57. Bí mo bá yọ ohun tí géèjì fúnra rẹ̀ tú jáde, mi ò rò pé ó ń jò.

Àpò méje ni mo kó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. 45 PSI ti tó láti mú kí ìdí ọkọ̀ tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni 80 kì í tó nígbà tí mo ń kó méjìlá. Nígbà tí mo yí ní oríta Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tó ń bá mi já ẹrù wo ojú mi, ó ní ṣé mo ti pààrọ̀ ọkọ̀ ni. Ìrìn àjò ti di mẹ́ta lọ́sẹ̀ báyìí, epo sì wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lánàá láti wo orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún, mo rí i pé irin tó dì í mọ́ ṣáásí ti ní ìsán kan tó gùn tó èékánná. Oníwẹ́dà ń bọ̀ wá jó o ní ọ̀la.